Àádùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Kì Í Ṣe Sàárà

Ilé Sàlàkọ́,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1955.

Ṣẹ̀rífátù, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Afọlábí ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, pàápàá ìwọ àti oyún inú rẹ. Ara tèmi náà kò burú, àfi pé ó ti rẹ̀ mí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀. Òrùlé ń jò lápá yàrá ìyá rẹ. Ewúrẹ́ ń wúkọ́. N kì í rántí bóyá mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo rẹ̀ ni ohun tí Bísíríyù ọlọ́kọ̀ omi sọ fún mi ní èbúté Ìpakodò, pé o ṣubú lulẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì ọ̀sà lọ́hùn-ún. Ó ní láti àárọ̀ tí o ti ń gbẹ̀bí fún àwọn ẹlòmíràn, o kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Ìwọ tí oyún rẹ ti pé oṣù mẹ́fà.

Mo mọ irú ebi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní èbúté, tí ọkọ̀ ń dé lórí ọkọ̀, n kì í ráyè jókòó ti àwo. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ni ó máa ń ki àádùn sí mi lápò. Bí mo bá ti jẹ ẹyọ kan, tí mo mu omi lé e, ó di ìrọ̀lẹ́. Kò sì náni ní nǹkan púpọ̀: àgbàdo ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀pà, epo díẹ̀, oyin, iyọ̀ àti atalẹ̀. Mo wá ní kí n ṣe é fún ọ.

Àádùn ọjà a máa fọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀pà tí ìyá rẹ gún kúnná àti oyin ni ó ń mú tirẹ̀ le. Àgbàdo tí mo kọ́kọ́ yan jóná. Rọ̀kíbátù tí ó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ mi yọjú, ó ní, “Bàbá Ṣẹ̀rífátù, ṣé àgbàdo lẹ̀ ń yan ni, àbí ẹ̀fọn lẹ̀ ń fi èéfín lé?” N kò lè rẹ́rìn-ín. Òun náà ló padà bá mi lọ̀ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páànù, mo gé e gbọọrọ gbọọrọ bí ọṣẹ, mo sì fi ewé pọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogójì ni.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyẹn. N kò kọ ìwé kankan mọ́ ọn, mo rò pé bí o bá ti rí i, wàá rántí ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ni o wà nígbà tí Bísíríyù gbé e dé. Ìyá ọkọ rẹ rí ogójì àádùn nínú ewé, tí bàbá aláboyún fi ránṣẹ́. Kí ni kí wọ́n tún rò bí kò ṣe sàárà? Wọ́n pe àwọn ọmọ kéú, wọ́n pín in tán. N kò bínú sí wọn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá ṣe.

Ìwé rẹ ni ó mú mi jókòó kọ èyí. O kọ ọ́ pé, “Bàbá, sàárà yín kárí, àdúà sì pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lá nípa mi? Ẹ má fi pamọ́.” Ọmọ mi, n kò lá àlá kankan. Oorun gan-an kò wá, níbo ni àlá yóò gbà wọlé? Ebi rẹ ni mo rò. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, o tún ní òòyì kọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé.

Mo ti ṣe òmíràn. Bébà ni mo fi wé e lọ́tẹ̀ yìí, mo sì tò ó sínú páànù bísíkíìtì kí ó má baà jọ sàárà. Bísíríyù ní kí n gbé e wá fún òun. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀ ńkọ́? Bí ìwọ fúnra rẹ bá pín in fún àwọn aláboyún tí ó jókòó níwájú rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́.

Rọ̀kíbátù ní, “Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí ẹ jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́.” Ó sì mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ìgbì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ wa dé lẹ́bàá Ìjẹ̀dè, ọdún kẹsàn-án rèé, n kò fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ omi mọ́. Ọ̀nà ilẹ̀ sì yí ká jù, orúnkún mi kò lè gbà á nínú lọ́rì. Mo sọ fún un pé n ó rò ó.

Ní báyìí ná, fi ẹ̀pà díẹ̀ sí àpò iṣẹ́ rẹ. Bí kò bá sí àyè àtijókòó, jẹ ẹ́ ní ìdúró.

Kí Ọlọ́run fún ọ lókun. Kí ọwọ́ tí o fi ń gba ọmọ àwọn ẹlòmíràn gba tìrẹ náà láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ,
Yísà Sàlàkọ́.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí kí n tó tún ṣí i. Mo ti lọ bá Bísíríyù pé kí ó fi àyè sílẹ̀ fún mi láàárín ọkọ̀, kì í ṣe létí. Má pín nǹkan kan kí n tó dé. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, ni n ó wọkọ̀ ní Ìpakodò.