Ìjúbà tí Bọ̀dá Délé Yóò Kà Níwájú Bàbá Mi

Ẹ̀yin ará pèéjì orí ayélujára yìí, mo fẹ́ dójú ti ọkùnrin kan níwájú gbogbo Yorùbá Calgary, ọkàn mi kò sì dá mi lẹ́bi rárá. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni pé ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà lè bà pẹ̀lú rẹ̀, n kò sì mọ bí mo ṣe máa yọ onítọ̀hún kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọkùnrin náà ní Bọ̀dá Délé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Bàbá mi ló mú un wọ iṣẹ́ tíátà nílé lọ́hùn-ún, bàbá mi ló kọ́ ọ bí a ti ń mí kí ohùn tó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, òun náà ló sì mú un lọ sí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa, níbi tó ti di olóòtú ètò tí gbogbo ilé ń wò. Ó jẹun nínú ìkòkò ìyá mi, ó sùn ní pálọ̀ wa... Nígbà tó dé Calgary, èmi tí mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè ní yunifásítì ni mo di òǹkọ̀wé rẹ̀. Gbogbo Yorùbá tó jinlẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lórí community TV, èmi ni mo kọ ọ́, tí mo fi àmì ohùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí ahọ́n rẹ̀ má baà kọsẹ̀.

Bàbá mi wá bá mi gbé ní Copperfield, àdúgbò wa ní Calgary níbí, stroke sì kọlù ú. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bọ̀dá Délé wá kí i, ó jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ ọn títí... mo rò pé àánú ni! Àṣé iṣẹ́ ló ń ṣe. Nínú eré tó gbé jáde ní gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Falconridge, ó wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, ó wọ́ ẹnu, gbogbo hall bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi fà mí láṣọ: “Mummy, he's doing Grandpa.” Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ibi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Láti ọjọ́ náà kò bá àlejò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo pe Bọ̀dá Délé, ó ní, “Ah-ah, Dókítà, àwàdà nìyẹn now! Book ti pọ̀ jù lórí ẹ.”

Wàyí o, àwọn Yorùbá Calgary fẹ́ ṣayẹyẹ gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí ìtàgé. Òṣèré kì í sì bẹ̀rẹ̀ láìjúbà ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ó ní kí n kọ ìjúbà náà, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ bàbá mi, pé “ìbà àgbà” ti tó. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ mọ̀ pé kì í yẹ ọ̀rọ̀ wò ṣáájú? Ohunkóhun tí mo bá gbé sórí screen tó máa ń wà níwájú rẹ̀ ni yóò fi ohùn ńlá kà. Nígbà kan mo gbàgbé “mí díẹ̀ níbí” sáàárín ọ̀rọ̀, ó kà á jáde lórí afẹ́fẹ́! Mo ti kọ ọ́ báyìí: “Ìbà ọ̀gá mi, ẹni tó fún mi ní ohùn, tí mo fi ohùn náà ṣe ẹlẹ́yà rẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ já.” Orúkọ bàbá mi ló tẹ̀ lé e. Mo kà á sókè ní kitchen, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Àfi bí bàbá mi ṣe ní òun ń bọ̀. Ẹni tí kì í jáde mọ́! Ó ní ọmọ òun ni Délé, iwájú lòun máa jókòó, òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa júbà òun...

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n dárí jì í, n kò béèrè ìyẹn. Ṣé kí n fi gbólóhùn náà síbẹ̀, kí bàbá mi jókòó gbọ́ ọ ní gbangba pé wọ́n fi òun ṣẹlẹ́yà? Àbí kí n fi orúkọ rẹ̀ nìkan síbẹ̀, kí aláìmoore gba àtẹ́wọ́ ọmọ rere? Àbí kí n parọ́ pé snow pọ̀ jù, kí n fi bàbá sílé, kí n sì jẹ Bọ̀dá Délé níyà tẹ́rùn? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Saturday ni ayẹyẹ náà, bàbá sì ti ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ agbádá òun.