Àìsàn Tí Mo Fi Ti Ìjọ Mọ́ta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Pobẹ̀ níhìn-ín. Mo kí bàbá, ọkọ yín. Mo kí gbogbo agbolé ní Ìlaró, lọ́mọdé lágbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Ìdòwú ka lẹ́tà yìí sókè létí gbogbo ilé, kí ó má fo ibì kankan. Ẹ má sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ mọ bí mo ṣe jìyà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo kọjá bọ́dà pẹ̀lú ṣòkòtò kan ṣoṣo. Ní Sàkété, mo ru ẹyìn títí irun fi tán láàárín orí mi. Ejò bù mí jẹ ní Tàkọ́n. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ẹsẹ̀ wíwú la jọ lọ síbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n jí i kí n tó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa. Iná jó ẹbu epo mi lẹ́ẹ̀mejì. Lónìí, ta ni ò mọ Bàbá Elépo ní Pobẹ̀? Àgbàlá mi, símẹ́ǹtì ni mo fi tẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyà ò rí mi pa, ẹ̀gbọ́n mi. Ìtìjú ló fẹ́ pa mí báyìí.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ọ̀nà Tówè ti di ẹrẹ̀. Kòrónà ti bọ́dà pa, n kò lè wá jókòó tì yín, àárò yín sì ń sọ mí gan-an.

Mo ti sọ fún yín nípa ìjọ wa tí kì í lé ẹnikẹ́ni. Oníyàwó mẹ́ta bíi tèmi wà níbẹ̀, arọ wà níbẹ̀, adití wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣì ń bọ òrìṣà ilé bàbá wọn náà ń wá gbọ́ orin. Ohun tó mú mi wọ ibẹ̀ nìyẹn. Níbòmíràn, ìyàwó mi ni wọ́n ń kà.

Nígbà tí àìsàn yìí dé, pásítọ̀ pín wa sí àgbàlá àgbàlá, díẹ̀ díẹ̀, ìbòmú lẹ́nu, àlàfo láàárín. Àgbàlá mi ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Mo fọ́nnu nípa rẹ̀ káàkiri ọjà, mo sì gbé àga mi sí iwájú. Àmọ́ ìbòmú bo ètè gbogbo ènìyàn, àwọn adití ò rí ọ̀rọ̀ kà lẹ́nu wa mọ́. Pásítọ̀ ní kí wọ́n wá síwájú, kí wọ́n lè rí ọwọ́ Sẹ̀nami, ọmọbìnrin tó ń fi ọwọ́ sọ ìwàásù fún wọn. Nítorí àlàfo, àyè ò tó. Wọ́n gbé àga mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ. Ẹni tó bọ́ síbi tèmi ni Kòjó, adití aránṣọ tó ń gbé ní Tówè, òun ló rán ìbòmú gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ, nínú àgbàlá tí mo fi òógùn mi kọ́! Ojú tì mí láti sọ pé nítorí àga ni mo ṣe ń bínú. Mo bá ní kí ìyàwó mi àgbà sọ fún wọn pé mò ń húkọ́, ara mi sì gbóná. Mo ti ilẹ̀kùn irin àgbàlá náà mọ́ wọn níta. Mo rò pé wọn á wá bẹ̀ mí.

Oúnjẹ ni wọ́n gbé wá. Nínú ìjọ wa, bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọjọ́ dáná fún un. Nítorí Kòrónà, wọ́n á gbé ìkòkò sórí òkúta níta, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kòjó ò lè gbọ́ bí a bá dáhùn, nítorí náà á dúró nínú òjò títí á fi rí ọwọ́ ìyàwó mi lókè ògiri. Ó gbé àmíwọ̀ wá, ẹ̀bà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò, pẹ̀lú itan adìẹ. Mo jẹ ẹ́, mo sì lá àwo.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ṣe ìsìn lójú títì, wọ́n kọjú sí fèrèsé mi, wọ́n ń kọrin. Mo húkọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́. Mo yọjú níbi ihò fèrèsé. Kòjó tí kò gbọ́ orin kankan ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sí mi.

Ìyàwó mi àgbà ní àìsàn mi mà sanra o; ó ní kí n yáa tètè kú tàbí kí n tètè yá, kí àwọn aládùúgbò lè simi. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Sẹ̀nami ló gbé oúnjẹ wá. Ó ní Kòjó ti ń gbààwẹ̀ nítorí mi láti ọjọ́ mẹ́ta, òòyì ti ń kọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyàwó mi gbé àwo síwájú mi, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ jẹun. Ẹni tó ń bá yín ṣe àìsàn náà ò tíì fẹnu kan nǹkan."

Mo dá òkèlè padà sínú àwo. Mo rán Sẹ̀nami sí Kòjó pé mo ti yá, kí ó jẹun. Ó ránṣẹ́ padà pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òun á tún fi ọjọ́ mẹ́ta kún un láti fi dúpẹ́.

Pásítọ̀ wá ní kí n jẹ́rìí ní gbogbo àgbàlá, kí ẹ̀rù lè kúrò lára àwọn ènìyàn. Ọkùnrin kan tó gbọ́ pé mo ti yá wá láti Ìta-Ìjẹ̀bú, ó ń bèèrè ewé tí mo fi wo ara mi, bàbá rẹ̀ ń húkọ́. Mo sáré jáde sí i fúnra mi, mo ní kí ó gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kò sí ewé kankan. Ó wò mí lókè nílẹ̀. Ó ní ara mi mà le o.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá mi bo èyí. Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí àìsàn yìí má mọ ojú ọ̀nà Ìlaró, kí oúnjẹ má wọ́n lẹ́nu yín. Ẹ bá mi kí àwọn Ìbejì, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí gbogbo ará àdúgbò tí mo ti fọ́nnu fún rí.

Mo ti sọ òótọ́ fún Sẹ̀nami. Kò bú mi. Ó dúró lókèèrè, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ pé mo purọ́. Ìka mi ti gan, ẹyìn gbígbé ti sọ wọ́n di igi, àmọ́ mo ti ń mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, màá fi ẹsẹ̀ rin ẹrẹ̀ dé Tówè, màá dúró níwájú ẹ̀rọ Kòjó, màá sọ ọ́ fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, màá sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ.

Èmi Àkànbí, ọmọ yín.