Ràmọ́nì, Ramlah Ti Gbé Sáfà Rẹ Dìde

Ràmọ́nì, ọmọ Abọ́dúnrìn, ọdún mẹ́ta géérégé ló pé lónìí tí o fi Ogbooro sílẹ̀ re ọ̀run. Ọdún mẹ́ta! Ìyá Ràmọ́nì la ṣì ń pe ìyá rẹ, a ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé ti ní páànù lórí. Sodiqat ọmọ rẹ ti wọ pírámárì kejì, ó sì ń bá gbogbo ayé jiyàn bíi tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ ló dùn wá jù. Inú rẹ̀ ni o ká ohùn rẹ sí, gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣirò tí o kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìwọ nìkan lo máa ń tẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan kí sáfà, ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń pín ẹ̀kọ́, tó dìde, tí fóònù wọn á wá máa gba ẹ̀kọ́ láì ra dátà. Bí sáfà ò bá dìde, ẹ̀kọ́ kan ò ní ṣí. O ò sì kọ àṣẹ ọ̀hún sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Alágídí! Ìyá rẹ ní bí ohùn ọmọ òun ò bá jáde kó tó di ìrántí ọdún kẹta, ká gbé kọ̀ǹpútà náà fún ẹni tó máa rí i lò, ojú òun ò gbà á mọ́.

Ramlah àbúrò rẹ fàáké kọ́rí. Aránṣọ tí ò tẹ kọ̀ǹpútà rí! Ṣakí ló ń lọ kọ́ ọ ní gbogbo Sátidé. Ó kó àwọn àṣẹ tó kọ́ níbẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo: kí sáfà dìde, lẹ́yìn náà kí ojú ìwé ẹ̀kọ́ ṣí. Sáfà dìde, ojú ìwé kọ̀, kò ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wá àṣìṣe. Àṣé sáfà tó bá ti dìde, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí tí á máa retí àlejò, àṣẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Ramlah bá yà á sọ́tọ̀, ó ní kó máa dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àṣẹ yòókù máa lọ. Ó ṣí! Ariwo tó pa, àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé abẹ́rẹ́ ló gún un.

Láàárọ̀ yìí, ó ní kí ìyá rẹ tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró. Ohùn rẹ jáde: “Ẹ jókòó. Ta ni ò tíì ṣe iṣẹ́ àná?”

Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín.

A fẹ́ràn rẹ, Ràmọ́nì. Àárò rẹ ń sọ wá gan-an. Ìyá rẹ ní ká tún tẹ̀ ẹ́.