Nígbà Tí A Lọ sí Etí Òkun

Àpèkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Festac dára, ara mi sì le. Àwọn ọmọ wà ní họ́lídè, a kì í gbélé. Ní Sátidé, Gbóyèga ọmọ mi gbé gbogbo wa lọ sí etí òkun. Bí mo ṣe ń bu ráìsì, ọ̀rẹ́ Ẹwàolúwa ọmọ-ọmọ mi bi í pé, "Ta ni màmá yẹn?"

Ó ní, "Ìyá tó ń dáná fún wa ni."

Gbóyèga gbọ́, ó ń wo omi. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi ẹran kún ti ọ̀rẹ́ náà.

Nígbà tí à ń bọ̀, Gbóyèga ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ẹ ò jẹ́ kójú ti Ẹwàolúwa."

A tún ń jáde ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ra aṣọ ìdáná fún mi.

Bá mi kí tíṣà wa ní kíláàsì àgbà. Sọ fún un pé àwọn ọmọ ń tọ́jú mi.

Èmi ni,
Ẹ̀rínọlá