Ọjọ́ Mẹ́ta Matty Nílé, àti Ọ̀rọ̀ Líìkì Mi Méjì

17, Òpópónà Thornlea,
Wallsend,
lẹ́bàá Newcastle.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014.

Matty, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ajá tí o ní ó ti gba ìrọ̀rí Pat ìyàwó rẹ? Mo mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún kan tí Pat ti kú, mo sì mọ̀ pé ilé náà yóò dákẹ́ jù fún ọ. Ọlọ́run á máa tù ọ́ nínú. Ara àwa níbí le, àfi òjò tí kò dáwọ́ dúró láti ọjọ́ Ẹtì. Thelma ìyàwó mi ní kí n kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, torí ó mọ̀ pé mo máa rojọ́.

Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. Èmi kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Thelma kà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì bú sẹ́kún. Pé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Cornwall, o fẹ́ wá fi ọjọ́ mẹ́ta wo ilé! Inú mi dùn títí mo fi dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé ọkọ̀ ojú irin rẹ á wọ Newcastle ní Sátidé, ogúnjọ́ oṣù yìí, nígbà tí agogo méjìlá bá ku ogún ìṣẹ́jú, àti pé bí o kò bá rí ojú kan tí o mọ̀, ìwọ á sọdá sí òdì kejì, ìwọ á sì wọ ọkọ̀ tó ń padà lọ. Matty! Ṣé irú ohun tó yẹ kí àgbàlagbà máa kọ sínú ìwé nìyẹn? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Ìwọ náà lo fi ibi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan lọ́jọ́sí, tí o gba ilé lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó gba àga sílẹ̀ fún ọ níbi oúnjẹ. Bí o bá ní o máa padà, o máa padà.

Ni mo bá mú bébà, mo to ìrìn àjò rẹ. Sátidé, a óò lọ wo líìkì mi, ẹ̀fọ́ gígùn tó jẹ́ ìbátan àlùbọ́sà, níbi ìdíje ní gbọ̀ngán ẹgbẹ́ wa. Ọjọ́ Àìkú, a óò jẹ ẹja díndín lẹ́bàá òkun ní Tynemouth, kí afẹ́fẹ́ gbá wa létí díẹ̀, a óò sì sáré padà wá wo líìkì. Ọjọ́ Ajé, ogún ìṣẹ́jú ni mo fún ògiri àwọn ará Róòmù, èyí tó wà ní Wallsend níbí, torí òkúta ni òkúta ń jẹ́, kò sì jìnnà sí ọgbà mi. Thelma kà á tán, ó yọ awò ojú.

Ó ní, “Cuth, ṣé àwa ni Matty ń bọ̀ wá kí ni, àbí líìkì ló ń bọ̀ wá kí?”

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé ogún ìṣẹ́jú náà, ó kọ ògiri tó wà lápá Hexham sí i, odindi ọjọ́ kan, pẹ̀lú stottie, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, tí a ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀wà gígún sí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ti Sátidé ló le. O rántí òfin ẹgbẹ́ wa: líìkì méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé wá, ilẹ̀kùn kì í ṣí ṣáájú agogo mọ́kànlá ààbọ̀, èyí tí kò bá sì tíì dórí tábìlì lágogo méjìlá géérégé, kó máa padà sílé. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ báyìí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò tirẹ̀ rí. Láti gbọ̀ngán sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin sì ju ìdajì wákàtí lọ. Ipò kejì ni mo ti ń ṣe fún ọdún mẹ́jọ gbáko, ẹ̀yìn Wilf, Wilf wa yẹn tó ń gbé òdìkejì títì. Líìkì ọdún yìí, Matty, ó nípọn bí itan ọmọ ọwọ́. Ọdún yìí ni tèmi.

Mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ pé kí o kúkú wọ ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú. Thelma ní, “Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n? O tún fẹ́ kí ó dúró nítorí àlùbọ́sà?” Mo sọ fún un pé kì í ṣe àlùbọ́sà. Mo tún rò ó pé kí Thelma lọ pàdé rẹ, ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá a rán an lọ pàdé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin kan tó ń bọ̀ wá ra àga lọ́wọ́ aládùúgbò ló mú wálé. Ọkùnrin yẹn ti mu ife tíì méjì kí a tó mọ̀.

Ó wá ku ọ̀nà kan. Mo ní kí Thelma bá mi gbé líìkì lọ sí gbọ̀ngán. Ó gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

“Mi ò gbé e. Mi ò tún jẹ́ fọwọ́ kan líìkì rẹ mọ́ láyé mi.”

Mo ní, “Kí ni ‘tún’ ń wá níbẹ̀?”

Ó jókòó. Mo ti kọ ọ́ sí ọ nígbà náà, pé lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, Wilf jí líìkì mi méjì tí mo fi aṣọ ìnura tútù wé sínú ahéré ọgbà. Láti ìgbà náà, bí èmi àti Wilf bá pàdé, ojú ọ̀run ni àwa méjèèjì máa ń wò, bí ẹni tó ń retí òjò. Àṣé ìyá Thelma ló yọ sí i lójijì lọ́jọ́ náà, tí oúnjẹ ò tó. Ó wọ ahéré, ó rí méjì nínú aṣọ, ó rò pé àwọn tí mo kọ̀ sílẹ̀ ni, torí lójoojúmọ́ ni mò ń kọ òmíràn sílẹ̀. Ó gé wọn, ó fi ìyẹ̀fun ọlọ́ràá wé wọn, ó sè wọ́n ní púdínì. Nígbà tí mo fi máa pariwo olè wọlé, púdínì ti ń hó lórí iná, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Matty, mo jẹ ẹ́. Àwo méjì ni mo jẹ. Ẹnu mi kún fọ́fọ́ nígbà tí mo ní, “Wilf lè jí líìkì mi, ṣùgbọ́n kò lè jẹ irú èyí tó dùn báyìí láéláé!” Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú sí Thelma. Lẹ́yìn náà ìbínú tán, ìtìjú ló kù. Nígbà tí ìyàwó Wilf kú, mo ti káàdì sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì yára padà. N kò kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ipò kejì lọ.

Láàárọ̀ àná, mo mú lẹ́tà rẹ dání, mo sọdá títì, mo kan ilẹ̀kùn. Mo rojọ́ gbogbo ẹ̀ níbẹ̀, nínú òjò. Wilf fa ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

“Àwo mélòó lo ní o jẹ?”

“Méjì.”

“Ìwọ jẹ líìkì, èmi jẹ̀bi!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n wọlé kí ẹsẹ̀ mi má baà jẹrà. Ó ka lẹ́tà rẹ, ó nu imú, ó ní, “Gbé wọn wá fún mi lówùúrọ̀ Sátidé. Èmi á gbé tìẹ àti tèmi lọ. Ìwọ lọ pàdé Matty.”

Mo ní, “Wilf, ṣé o ò ní ṣe wọ́n léṣe?”

“Bí mo bá fẹ́ ṣe wọ́n léṣe, Cuth, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jìyà ẹ̀ sílẹ̀. O jẹ mí ní olè jíjà ẹyọ kan.”

Nítorí náà, Matty, má sọdá sí òdì kejì o. Irun orí mi ti lọ, ikùn sì ti gba ipò rẹ̀, o lè máà dá mi mọ̀. Èyí tó ṣìkẹta nínú líìkì mi ni màá gbé dání níbi tí ọkọ̀ rẹ máa dúró sí. Kò sí ẹlòmíràn tó máa gbé irú rẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì fún ajá lẹ́ran. Thelma ní òun á se púdínì kalẹ̀ dè ọ́. Mo ti ra àgádágodo sí ahéré.

Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí kí Wilf tó kan ilẹ̀kùn, tòun ti omi òjò lára. Ó ní kí n fi èyí kún un, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀: òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti gbọ̀ngán dé ni, òun ti fa àga mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì líìkì, òun sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ MATTY sí ẹ̀yìn àga àárín. Akọ̀wé bínú. Wilf ní kó máa bínú lọ.

Èmi tí yóò dúró dè ọ́ ni,
Cuth.