Fọ́lò Yèsí?

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe fìdáù yín ni mo ti ń sọ pé mo máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni mo sábà máa ń wà nígbà náà, mi ò sì ráyè. Àyè nìkan ni mo wá ní báyìí. Inú yàrá yín ni mo ti ń kọ èyí, lórí tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ. Ìyá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ilà tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà kẹ́yìn ṣì wà lójú rẹ̀, mo sì fi ìwé bò ó kí n má baà máa wò ó.

Ilé ni mo wà, Bàbá. Ilé-iṣẹ́ bàálù wa ní kí àwa kan nínú àwọn awakọ̀ lọ jókòó. Wọ́n ní dọ́là ò sí, epo ti gbówó lórí, àwọn tó sì yá wọn ní bàálù ti wá kó díẹ̀ lọ nínú wọn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún ìjókòó náà ni fọ́lò. Wọn ò lé èèyàn, wọn ò sì fún un níṣẹ́ ṣe. Tiwọn ni mí síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní san nǹkan kan títí ọjọ́ tó bá wù wọ́n láti pè mí. Gààrí ni ìyá ń kù lọ́jọ́ tí mo délé wá sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n gbé ajọ̀ dúró.

"Fọ́lò? Wọ́n ní kó o fọ́lò yèsí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ mọ bí ìyàwó yín ṣe máa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rò pé ṣe ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé ẹnìkan kiri. Ẹ̀rín yẹn tán, ìbéèrè yẹn ò tán nínú mi. Ta ni kí n tẹ̀ lé?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n wá iṣẹ́ síbòmíràn, pé bàálù kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Mi ò lè lọ ni. Nígbà tí wọ́n rán mi lọ kọ́ bàálù ńlá yìí, mo tọwọ́ bọ̀wé pé mi ò ní bá ilé-iṣẹ́ mìíràn fò títí ọdún tí a dá yóò fi pé. Bí mo bá lọ, kóòtù. Bí mo bá sì jókòó pẹ́ jù láì fò, ìwé àṣẹ mi á kú sí mi lọ́wọ́. Bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ibi tí koríko ò sí ni mo rí, tí ẹni tó so ó sì ń sọ pé òun ò lé e.

Ìyá wá dá kún un. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò Ìmọ̀wò pé ìsinmi ni mo wá lò nílé. Bí mo bá yọjú báyìí, ẹ kú ìsinmi o, páílọ́ọ̀tì wa! Àlàájà tó múlé gbè wá tiẹ̀ gbàdúrà fún mi lẹ́nu ọgbà pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìsinmi náà gùn dáadáa. Àmín ni ìyá ṣe. Mo wojú ìyá, ìyá wolẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dẹ́kun àtimáa jáde.

Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ló fà á. Ẹ̀yin gan-an lẹ fi ẹgbẹ́ sí mi lára. Nígbà tí wọ́n ń fi dandan mú wa fò nígbà tí oorun ń kùn wá, mo wọ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, mo sì fa àwọn mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Kúnlé. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Òun ló wọ ẹ̀wù funfun awakọ̀ wá síbi òkú yín, tó ń sunkún ju àwa ọmọ lọ. Ọ̀tún mi ló jókòó sí fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fi òun náà ṣe kápútẹ́ẹ̀nì láìpẹ́ yìí. Àwa tó wà nínú ẹgbẹ́, èmi àti Kúnlé, ni orúkọ wa kọ́kọ́ jáde. Wọn ò sọ pé nítorí ẹgbẹ́ ni. Ta ló máa la ẹnu rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá àwọn awakọ̀ pè mí. Bàálù kan ti padà wọlé, wọ́n ń wá kápútẹ́ẹ̀nì kan. Tèmi ni àga náà bí mo bá lè sọ pé mo ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kò ní kí n kọ nǹkan kan. Ẹnu lásán ni kí n fi sọ ọ́. Ó fún mi di ọjọ́ Jímọ̀.

Bàbá, ẹ̀yin ni mo ń rò ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mo ń rò bí ẹ ṣe máa ń jáde lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ránṣọ. Ẹ ó máa rìn lọ ní òpópónà Fọlágbádé, ẹ ó máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ẹ ó tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ ìró máṣíìnì nínú ilé, ẹ ó kànlẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ó wọlé, ẹ ó yọ irin kékeré tí bọ́bìnì ń gbé inú rẹ̀, ẹ ó jù ú sápò. Máṣíìnì ti kú nìyẹn títí olúwa rẹ̀ á fi wá bẹ ẹgbẹ́. Mo tẹ̀ lé yín lọ́jọ́ tí ẹ yọ ti àbúrò yín, ọmọ ìyá yín. Aṣọ ìyàwó ló wà lójú máṣíìnì wọn. Àbúrò yín ò bẹ̀ yín. Wọ́n fi àkísà nu máṣíìnì náà, wọ́n sì fi nǹkan bò ó. Aṣọ ẹlòmíràn ni ìyàwó yẹn wọ̀ lọ sílé ọkọ, àbúrò yín kó lọ sí Odogbolu, wọn ò sì jókòó sídìí máṣíìnì mọ́. Ìkọ́kọrẹ́ ni ìyá sè lọ́jọ́ náà, ẹ ò fẹnu kàn án. Mo rò pé kò dùn ni. Ṣé ẹ kábàámọ̀ rẹ̀ rí? Kí ló dé tí mi ò bi yín?

Àbúrò yín yìí ló wọlé wá ní Ọjọ́bọ̀. Ìyá ló ránṣẹ́ pè wọ́n.

"Kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn," ni wọ́n wí, wọn ò tíì jókòó. "Ọdún tí mo lò ní Odogbolu, yèsí nínú ẹgbẹ́ ló wá wò mí?"

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá bi wọ́n.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jókòó. "Bàbá rẹ̀ ń wá. Gbogbo ọjọ́ ìpàdé, bí wọ́n bá ti túká, á wọ mọ́tò wá. A kì í sọ̀rọ̀. Á jókòó, á mu omi, á dìde lọ."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá pàápàá ò mọ̀. Kí lẹ máa ń lọ ṣe, Bàbá? Ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni, tí ẹnu yín ò gbà á? Àbí omi lásán lẹ lọ mu ní Odogbolu, tí omi kún àmù nílé?

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, mo pe ọ̀gá. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu: mo ti kúrò, mo ti kúrò. Ohun tó jáde ni pé mi ò kúrò. Ọ̀gá ní ó dáa. Kò bínú, kò dún kookò mọ́ mi, ó kí ìyá, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Èmi tí mo ti gbára dì fún ìjà, mi ò rẹ́ni bá jà. Mo sọ fún ìyá. Wọ́n jáde lọ sẹ́nu ọgbà, mo sì gbọ́ ohùn wọn níbi tí mo wà: "Àlàájà, kì í ṣe ìsinmi o. Wọ́n dá a dúró ni, nítorí ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá àdúrà ọjọ́sí yẹn padà."

Ẹ má rò pé mo wá ń yangàn. Inú ń bí mi sí yín. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo sọ pé mi ò kúrò, àbí ẹ̀yin. Òkú ò mọ iye tí wọ́n ń ta epo. Òkú ò ní ìwé àṣẹ tó fẹ́ kú. Ẹ sùn, ẹ sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú agídí yín, mi ò rí ọ̀nà gbà jáde nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ Àìkú, òjò ń rọ̀, Kúnlé pè mí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn èrò sínú bàálù. Mo ti mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti gba àga náà. Mo ní mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́." Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò mẹ́nu ba ìyẹn, èmi náà ò sì mẹ́nu bà á. Ìgbà tó yá ló wá sọ ìdí tó fi pè. Ìlú kan báyìí ni wọ́n ń rán an lọ, tí pápá bàálù rẹ̀ kúrú. Ó ti bá mi débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀, èmi ni mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe. Ó wá sọ́wọ́ mi, kí n kàn tẹ fóònù pa. Ṣùgbọ́n èèyàn ń wọ bàálù lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ọmọdé kan tó ń ké. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ ibẹ̀ gun òkè, ojú á tàn án pé ó ti ga jù, kó má gbà á gbọ́. Mo ní omi máa ń dúró lápá òsì, atẹ́gùn sì máa ń yí bírí bí èèyàn bá ti kọjá àwọn ọ̀pẹ. Bí kò bá dọ́gba lójú rẹ̀, kó gbé e padà sókè, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ni mo jáde sí àgbàlá. Bàálù tó bá ń lọ sápá ibẹ̀ láti Èkó, orí wa níbí ló ń gbà. Ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run, mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ìyá wá jókòó tì mí pẹ̀lú agbòjò. A wà níbẹ̀ títí Kúnlé fi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti balẹ̀. Inú mi dùn, Bàbá. Inú sì bí mi pé inú mi dùn. Mo wọlé, mo dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn yín, mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí ẹ kú.

Ó tún pè lónìí. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń rán an lọ lọ́la. Mo ti sọ fún un bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà nílẹ̀.