Àyè Tí A Ń Tọrọ Lọ́wọ́ Choolwe

Choolwe ọmọ mi,

Ọ̀gbẹ́ni Hamoonga láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti kéde níwájú gbogbo òbí pé láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ìyà ìwé ti tán láyé, ohun tí Lusaka bá sì rò láàárọ̀, àwa yóò ti kà á kí oòrùn tó wọ̀. A pàtẹ́wọ́. Mo lérò pé Ọlọ́run tó jí wa kò gbàgbé láti jí ìwọ náà. Ìyá rẹ ń kí ọ. Màlúù onílà funfun yẹn ti bímọ, wàrà kíkan sì pọ̀ débi pé ajá pàápàá ń yan èyí tí yóò mu.

Ẹ̀rọ náà dé lóòótọ́. Ó rẹwà. Ohun tó kù ni kó tẹ̀wé. Nítorí rẹ̀, ọ́fíìsì kò fi ọkọ̀ kó ìwé ìdánwò wá mọ́, inú kọ̀ǹpútà ni ìbéèrè wà. Bí a kò bá rí i tẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ kíláàsì keje yóò la odò kọjá lọ ṣe ìdánwò lódìkejì, o sì mọ bí odò yẹn ṣe ń rí lásìkò òjò.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò tíì gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pé ètò kékeré kan wà tí a ó fi sínú rẹ̀ tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Munsaka, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, fẹ́ fi í sí i, kọ̀ǹpútà ní kò láṣẹ. Ó pa á, ó tún tàn án, ó yọ wáyà, ó tún fi í padà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Inú bí i, ó ní òun tí òun láṣẹ lórí gbogbo olùkọ́, àpótí lásán ló wá ń dá òun lóhùn báyìí.

Mo ní ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi, ọmọlúàbí ni. Àlejò wo ní í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú onílùú kí baálẹ̀ tó fún un láyè? A bá lọ pe Baálẹ̀ Sianzovu. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní òun fún wọn láyè, kí wọ́n máa tẹ̀wé ní àlàáfíà. Kọ̀ǹpútà ní rárá. Baálẹ̀ ní ta ló wá ju òun lọ lábúlé yìí.

Ìgbà náà ni Luyando, olùkọ́ ìṣirò, ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀: kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Lusaka ló ń darí tiwa, ẹni tó sì ń pín àṣẹ níbẹ̀ ni Choolwe Mweemba. Gbogbo ojú yí sí mi. Baálẹ̀ ní ṣé ọmọ tí òun máa ń lé kúrò lórí igi máńgòrò òun náà nìyẹn? Mo ní òun ni. Ìyá rẹ hó yèè, àwọn obìnrin gbè é.

Mo fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù kí n pàṣẹ fún ọ, Baálẹ̀ kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti wà lórí àga, bàbá rẹ̀ pàápàá tọrọ ni yóò tọrọ, a kì í sì í fi fóònù tọrọ àyè, a kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, mo tọrọ. Mo tilẹ̀ fẹ́ máa pè ọ́ ní “ẹ”, ìyá rẹ ní kí n má ṣe àṣejù. Jọ̀ọ́, fún Munsaka láyè, má wo ti ẹnu rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń gbé ẹyẹ awó méjì bọ̀. Bí ẹnì kan bá wà tó ń fún ìwọ náà láṣẹ, fún un ní ọ̀kan.

Bí owó kwacha díẹ̀ bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún tàdáwà ẹ̀rọ, àti tábà mi. Ẹni tí o bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láyé yìí kò ní dá ọ padà lófo.

Èmi ni bàbá rẹ, Mweemba. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́: ta ni kí àwa méjèèjì lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó lè fi ọ́ sílẹ̀ kí o wá kí wa?